Àwọn àṣìṣe tó ń ba ọdún postbac jẹ́ mọ́ ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́

Ẹni tó ti gba digírì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tó sì fẹ́ di onímọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà àti bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, wọ́n sábà máa ń ní kó lọ ṣe postbac, ìyẹn ètò ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn digírì àkọ́kọ́, kó tó wá PhD lọ. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ nǹkan méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣìnà. Ọ̀kan wà fún ẹni tó fẹ́ tún máàkì rẹ̀ ṣe kó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn: kíláàsì ni, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń sanwó. Èkejì ni ti ìwádìí: inú láàbù lo máa wà láti àárọ̀, àwọn tó gbà ọ́ síbẹ̀ ló sì máa fún ọ ní owó ìgbọ́bùkátà. Ètò tó bá ní ti ìwádìí lòun, tó sì ń béèrè owó ilé ẹ̀kọ́ rẹpẹtẹ, tún un kà dáadáa.

Ibi tí ojú ọ̀pọ̀ ń wò ni NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀, ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí ìtọ̀ ṣúgà ni NIDDK, tó tún ní ibùdó ní Phoenix, ní Arizona, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àrùn yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1960. Èèyàn á kọ fọ́ọ̀mù NIH, á fi ránṣẹ́, á wá káwọ́ gbera. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó ń pín èèyàn sí láàbù o! Fọ́ọ̀mù rẹ kàn wà níbẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ mìíràn ni, títí ọ̀gá láàbù kan yóò fi wá a wò. Ìwọ ni kí o ka iṣẹ́ wọn, kí o kọ ímeèlì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ohun tó fà ọ́ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà gan-an. Ímeèlì kan náà tí o fi ṣọwọ́ sí ogójì èèyàn, wọ́n ń dá a mọ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìn káàdì ni ètò postbac NIH yìí wà fún. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kó má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. OPT, ìyẹn àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, jẹ́ oṣù 12, ó sì lè gbé e wọ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí ní yunifásítì, wọ́n sì lè fi oṣù 24 kún un fún ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, bí agbanisíṣẹ́ bá wà nínú E-Verify, ètò tí ìjọba fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́.

Orúkọ ńlá náà ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀gá tó ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́ kò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ìbéèrè tó yẹ kí o bi wọn kò ju pé: ta ni yóò jókòó tì mí? Kí o tó gbà, wá ẹni tó ṣe postbac níbẹ̀ kẹ́yìn, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá kò sí ńtòsí.

Inú láàbù wá ni ọ̀rọ̀ gidi wà. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń tètè gbé lé ọmọ tuntun lọ́wọ́ ni kó fún eku ní glúkóòsì, kó sì máa gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ láti ìrù rẹ̀ fún wákàtí méjì, kí wọ́n lè rí bí ara rẹ̀ ṣe ń kápá ṣúgà. Ó jọ ohun tó rọrùn. Òru ni eku ń jẹun. Bí o bá wá fi ebi pa á láti alẹ́ mọ́jú kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà, ó ti rù, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kó pamọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lójú ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò báyìí. Bí o bá sì ń fi ìwọ̀n ara ṣírò glúkóòsì, eku tó sanra yóò gba púpọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iṣan ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀rá kò lò tó bẹ́ẹ̀. O ti sọ ọ́ di aláìsàn lórí ìwé nìyẹn. Ọwọ́ tí kò mọ eku dì mú náà ń dẹ́rù bà á, ẹ̀rù sì ń gbé ṣúgà sókè, nítorí náà kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ lásán kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un lábẹ́rẹ́.

Àṣìṣe oúnjẹ tún wà. Oúnjẹ tí ọ̀rá kó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n pò bákan náà ṣùgbọ́n tí ọ̀rá rẹ̀ kéré ló yẹ kí o fi wé, kì í ṣe oúnjẹ eku lásán. Irú eku náà ńkọ́? C57BL/6J, irú eku láàbù kan, kò ní odindi jíìnì Nnt, tó kan bí ara ṣe ń kápá ṣúgà. C57BL/6N, ìbátan rẹ̀, ní in. Ẹni tó fi ọ̀kan wé èkejì láìmọ̀, jíìnì yẹn ló ń wọ̀n. Láti 2016 ni NIH sì ti ní kí wọ́n ro takọtabo mọ́ ìwádìí, síbẹ̀ akọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò, torí pé abo kì í tètè ní ìṣòro ṣúgà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ṣúgà tó ga kò sọ ohun tó fà á. Ṣé ínsúlínì, hómónù tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kò jáde ni, àbí ó jáde tí ara kò gbọ́? Ẹni tí kò wọn ínsúlínì pẹ̀lú rẹ̀ kò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèyàn: HbA1c, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, 6.5% rẹ̀ ni ààlà ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá ń tètè kú, nọ́ńbà rẹ̀ yóò kéré ju òtítọ́ lọ. Àwo sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà láti ara olùfitọrẹ kan kì í sì í ṣe ẹ̀rí mẹ́fà. Ọ̀kan ni.

Ní ti PhD, oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń parí. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, oṣù díẹ̀ ni ọ̀gá rẹ yóò fi mọ̀ ọ́ kó tó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ọdún méjì ni mo fara mọ́: kọ fọ́ọ̀mù ní ọdún kejì. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó sọ ọ́ fún ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má dúró di oṣù Kọkànlá.

Kí o tó lọ, kọ orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà eku sára gbogbo ìgò rẹ nínú fíríìsà, kí o sì fi àkọsílẹ̀ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá tí wọ́n ṣì ń pè fún ìjẹ́rìí rẹ ló máa ṣí fíríìsà náà.