Àwọn àṣìṣe tó ń ba bíléèdì katakata tí wẹ́dà jó jẹ́

Nígbà tí àgbàrá bá ti gé ọ̀nà oko já, àwọn tó ní katakata ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ a máa gbé irin lọ bá wẹ́dà pé kó jó bíléèdì tí àwọn yóò fi máa fá yangí dí kòtò. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe dáadáa. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwòrán tí wọ́n ń wò lórí fóònù jẹ́ ti bíléèdì tí àwọn ará Kánádà àti Amẹ́ríkà fi ń kó òjò dídì. Òjò dídì rọ̀. Yangí kò rọ̀, òkúta sì tún wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbé bíléèdì síwájú katakata. Ti òjò dídì sábà máa ń wà níwájú kí táyà má baà tẹ ohun tó fẹ́ kó mọ́lẹ̀. Lára katakata tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń wà, bí ọ̀pọ̀ Massey Ferguson 375, wọn kò ṣe áàsù iwájú fún irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀. Píìnì àárín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀yìn ni kí bíléèdì wà, lórí apá mẹ́ta tó ń gbé irinṣẹ́. Ẹ wọn ihò apá náà kí ẹ tó lu ohunkóhun: píìnì ìsàlẹ̀ ti katakata ńlá jẹ́ nǹkan bíi 28 mm, ti kékeré 22 mm. Píìnì 22 nínú ihò 28 á máa mì títí ihò náà á fi fẹ̀.

Gígùn náà ń tan ènìyàn jẹ. Bíléèdì mítà 2.1 tí ẹ dà sí ìgun dígírì 30 kò fá ju mítà 1.8 lọ, táyà á sì máa tẹ ibi tí kò dé. Tí fífẹ̀ katakata láti ẹ̀gbẹ́ táyà kan dé ìkejì bá jẹ́ mítà 2, ẹ ṣe é ní 2.4.

Ara bíléèdì kì í ṣe iṣẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ó fẹ́lẹ́, èyí tó ti gba epo bẹntiróòlù rí sì lè bú gbàmù lójú iná, bó ti wù kó pẹ́ tó tó ti ṣófo. Páìpù irin 20 íǹṣì tó nípọn tó 8 mm ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá là á sí mẹ́ta ní gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ga tó 44 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ti tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹnu bíléèdì gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Àwọn kan ń fi rọ́bà sí i bíi ti òjò dídì. Yangí á jẹ ẹ́ tán kíákíá. Àwọn mìíràn ń jó sípíríǹgì lọ́rì mọ́ ọn tútù tútù. Irin sípíríǹgì le, kábọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀, ojú ìjórin náà á tutù lójijì, á gan, á sì sán bó bá kan òkúta. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná tó ìwọ̀n 250 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, ẹ fi ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá ìjórin) 7018 gbígbẹ jó o, kí ẹ wá bò ó mọ́nú eérú kó tutù díẹ̀díẹ̀. Páálí 7018 tó ti ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò ti fa omi, ẹ má lò ó láìkọ́kọ́ yan án. Èyí tó dára jù ni kí ẹ ra ẹnu gírédà àlòkù, tó ti ní ihò, kí ẹ fi bóòtù dè é. Bó bá jẹ tán, ẹ tú u, ẹ fi òmíràn sí i.

Bóòtù tó mú ìgun bíléèdì dúró gbọ́dọ̀ rọ̀ ju irin yòókù lọ, kó lè gé nígbà tí òkúta bá gbá a. Tó bá ń gé lemọ́lemọ́, ẹ dín eré kù. Ẹ má fi bóòtù líle tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí rọ́pò rẹ̀. Apá katakata ni yóò ṣẹ́, ìyẹn sì wọ́n.

Ẹ tú bíléèdì kúrò lára katakata kí ẹ tó jó ohunkóhun mọ́ ọn. Iná ìjórin tó bá gba inú bẹ́árìn kọjá á bà á jẹ́, ó sì lè jó ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún bátìrì katakata.

Lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́ lóko, ẹ tún bóòtù gbogbo fún. Ẹ fi epo dísù nu ojú ìjórin, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Bí ìlà dúdú tín-ín-rín bá jáde, ó ti sán. Ẹ má jó èyí tuntun lé e lórí; ẹ lọ̀ ọ́ títí dé ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tún un jó.