Ọsàn Bíbó Láti Fi Kọ́ Ọmọ Bí Òṣùpá Ṣe Ń Yí Padà

Ọsàn tí wọ́n ti fi abẹ bó, tí ara rẹ̀ funfun, bí èyí tí wọ́n ń kiri ní Kétu, ni kí ẹ lò. Ẹ fi igi ṣóṣóró gún un nídìí. Ẹ ti fèrèsé, kí ẹ tan gílóòbù kan ṣoṣo níbi tó ga tó orí ọmọ: oòrùn nìyẹn. Orí ọmọ ni ayé, ọsàn ni òṣùpá.

Kí ọmọ kọjú síná, kó na ọsàn síwájú. Ẹ̀gbẹ́ tó ń rí á ṣókùnkùn. Oṣù ò tíì lé. Kó wá máa yí sí òsì díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín á kọ́kọ́ yọ lápá ọ̀tún. Tó bá yí dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ìlàjì á mọ́lẹ̀. Tó bá kẹ̀yìn síná, gbogbo rẹ̀. Òṣùpá gidi ń lo nǹkan bí ọjọ́ 29 àbọ̀ láti oṣù tuntun kan dé òmíràn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe nìyí: ọmọ kẹ̀yìn síná, òjìji orí rẹ̀ bo ọsàn. Kó gbé e ga ju orí lọ. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀ o, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé òjìji ayé ló ń gé òṣùpá lóṣooṣù. Rárá, ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé ni.

Ìwé máa ń ya oṣù tuntun ní òró. Ní Kétu, ó sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, torí a sún mọ́ agbedeméjì ayé. Ẹ má fagi lé e fún ọmọ tó bá yà á bẹ́ẹ̀.