Béèsì nínú ọkọ̀ kékeré: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ yín lówó

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa Picanto rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Ó ṣí búùtù. Wúfà ínńṣì 12 méjì, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde, ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò ṣẹ́ku àyè tí èèyàn lè fi ike omi kan sí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, kò dún." Ó ń dún o. Ìró tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹni tó ń bínú bá ń gbá ilẹ̀kùn páànù. Mo bi í pé èló ló ná. Nígbà tó dárúkọ owó náà, mo wá àga jókòó.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wáyà ọkọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń wọ rédíò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Owó tí èmi fúnra mi ti fi ṣòfò lórí béèsì pọ̀ ju ti gbogbo yín lọ, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n bínú díẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí wúfà jẹ́, ẹ mọ áḿpù, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí A B D.

Ìkíní: kí a ra wúfà kí a tó wọn ọkọ̀. Téèpù ìwọ̀n kò wọ́n. Bó bá jẹ́ abẹ́ ìjókòó lẹ fẹ́ tì í sí, ẹ fa ìjókòó náà síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn, kí ẹ wọn ọ́n nígbà méjèèjì.

Ìkejì: wátì orí páálí. Èyí ló máa ń mú orí mi gbóná jù. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Áḿpù tó wà nínú Picanto yẹn, wátì 5000 ni wọ́n kọ sí i lára, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà gàdàgbà. Mo yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà, mo fi fíúsì rẹ̀ han ẹni tó ni ín. Fíúsì áḿpíà 25 ni, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìṣirò tó kù, ti pírámárì ni. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bíi fólìtì 14 ni bátìrì ọkọ̀ máa ń gbé. Ẹ fi 14 lọ́nà 25, ó di 350. Wátì tó lè máa wọ inú áḿpù náà kí fíúsì má já nìyẹn. Áḿpù pàápàá yóò jẹ nínú rẹ̀, yóò sọ ọ́ di ooru, nǹkan bí ìdajì bó bá jẹ́ oríṣi AB àtijọ́, ìdá márùn-ún bó bá jẹ́ oríṣi D tó dáa. Ẹni tí 350 wọlé tọ̀, báwo ni 5000 ṣe fẹ́ tibẹ̀ jáde? Ọ́tánétọ̀ Picanto kò lè pèsè iná tí 5000 ń fẹ́, kódà bí ẹ bá so mẹ́ta pọ̀.

Ọmọ náà ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ o, bọ̀dá." Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọ "Jesu ń bọ̀" sẹ́yìn mólùé náà, kò sọ ìgbà tí yóò dé fún yín.

RMS ni kí ẹ máa wá lára páálí. MAX dà bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì ṣubú lulẹ̀. Lébìrà tó ń gbé ẹyọ kan láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ni ẹ fẹ́ gbà síṣẹ́, òun ni RMS. Bí wọn kò bá kọ RMS síbẹ̀ rárá, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ohun kan tún wà tí ọlọ́jà kì í sọ: bí ẹ bá sọ wátì di ìlọ́po méjì, láti 150 dé 300, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lẹ jèrè (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe ké tó). Etí yóò gbọ́ pé ó fi díẹ̀ lé e, ó tán. Owó tó ti jáde ní tirẹ̀ jù díẹ̀ lọ.

N kò sọ pé ojú mi kò wọ̀ ọ́ rí. Èmi náà ra wúfà kan l'Ékòó nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tóbi bí ìkòkò àmàlà. Mo gbé e délé, mo tú rọ́bà tó bò ó lẹ́yìn. Mágínẹ́ẹ̀tì gidi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ọmọrí ife lọ, ike òfìfo ni gbogbo ìyókù. Ìdajì iye tí mo rà á ni mo ti pè fún ìyàwó mi, nítorí náà n kò lè pariwo. Mo fi í ṣe àpótí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kó tù yín nínú. Ọkọ̀ kékeré kò bá béèsì ṣọ̀tá. Ìgbì ohùn tó ń mì nígbà 68 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó nǹkan bíi mítà márùn-ún. Inú ọkọ̀ tó gùn ní mítà méjì àbọ̀ kò gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Béèsì tó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ kò ráyè rìn mọ́, gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ló ń tì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́ọ̀lù. Bó ṣe ń wálẹ̀ sí i ni ọkọ̀ ń ràn án lọ́wọ́ sí i. Bí ọkọ̀ bá ṣe kéré tó ni ìrànlọ́wọ́ yìí ṣe tètè ń bẹ̀rẹ̀. Wúfà inú àpótí tí a dé pa, ní tirẹ̀, agbára ohùn rẹ̀ máa ń dínkù bí béèsì ṣe ń wálẹ̀. Ìdínkù wúfà àti ìrànlọ́wọ́ ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n á pàdé, béèsì á tẹ́jú. Ẹni tó ní Picanto tàbí Yaris ti rí ẹ̀bùn gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó wá lọ fi ínńṣì 12 méjì dí i lẹ́nu.

Ìkẹta: àpótí. Wúfà tí kò ní àpótí tó yẹ, abẹ̀bẹ̀ ni. Bí iwájú rẹ̀ ṣe ń ti afẹ́fẹ́ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà á, ọ̀kan ń pa èkejì. Ẹni bá mọ ìlù mọ̀ pé awọ nìkan kò ṣe é lù, igi ló ń sọ bí ohùn yóò ti rí. Ẹ wo omele, ẹ wo ìyá ìlù.

J. Anton Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá ilé iṣẹ́ sípíkà KLH sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1957, òun gan-an ni H inú orúkọ náà, ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́: àpótí kékeré, béèsì tó wálẹ̀ gan-an, ohùn tó ń ké láìjẹ iná púpọ̀. Méjì lẹ lè mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ̀ yín ti bá yín mú ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó wálẹ̀, ẹ ó fún un ní iná, iná tòótọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àpótí tí a dé pa ni kí ẹ mú. Èyí tó ní ihò afẹ́fẹ́ máa ń ké jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú àpótí tó há, páìpù ihò náà gbọ́dọ̀ gùn débi pé kò ní wọlé. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Mo gé páìpù omi kúrú kó lè gbà, mo kó o wọ ọkọ̀ oníbàárà. Gbogbo fújì tí ọkùnrin yẹn ní, orí ohùn kan ṣoṣo ló ti ń dún, bí ẹni ń fẹ́ ẹnu ìgò. Ó dá a padà lọ́jọ́ kejì, ó ní ọ̀gbẹ́ni Àyìndé ti di fèrè.

Ìwọ̀n inú àpótí ni kí ẹ ṣírò, kì í ṣe tìta. Àpótí tí mo kọ́kọ́ kàn fúnra mi, ìta rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, 30 àti 20. Lítà 24 nìyẹn, mo sì ń yangàn. Pákó MDF rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 18. Ẹ yọ ìyẹn níhà méjèèjì: ohun tó kù nínú jẹ́ 36.4, 26.4 àti 16.4, kò pé lítà 16. Pákó nìkan ti gbé lítà mẹ́jọ mì, wúfà kò tíì wọlé o, òun náà sì ń gba àyè. Ìwé inú páálí wúfà máa ń sọ iye lítà tó fẹ́. Ìwé yẹn lẹ fi ń nu ọwọ́.

Káfíńtà tó mọ bẹ́ẹ̀dì kàn dáadáa lè má mọ àpótí wúfà kàn. Ìṣó ni yóò kàn mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ yóò máa jò ní gbogbo igun. Síkúrúù àti gọ́ọ̀mù ni kó lò, kí ẹ wá fi sílíkónì kún gbogbo ìpàdé pákó láti inú, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó de wúfà. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra tẹ ojú wúfà náà wọlé, kí ẹ fi sílẹ̀. Bó bá rọra ń padà jáde bí ẹni tó ń jí lójú oorun, ó dé pa. Bó bá ta padà kíá, ó ń jò. Owú ìrọ̀rí, oníike fúlẹ́fúlẹ́ yẹn, tí a kó sínú àpótí láì kì í pọ̀, máa ń jẹ́ kí wúfà rò pé yàrá òun fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀tàn tí kò wọ́n ni, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ má yọ táyà ìpamọ́ sílé nítorí àpótí. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yóò bi yín. Èmi yọ tèmi lọ́dún kan, mo sì jókòó sí Ògèrè lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láti aago mẹ́ta títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń gbọ́ béèsì tó dára gan-an.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún, n kò mọ èyí tí mo ń kà mọ́: gain, bọ́tìnì tí à ń yí lára áḿpù. Gain kì í ṣe ibi tí à ń ké ohùn sókè. Ó wà láti mú áḿpù bá rédíò dọ́gba. Ẹ yí i dé òpin, ohùn yóò gé lórí, kóìlì wúfà yóò máa gbóná, òórùn bí ìgbà tí ẹ̀wà bá jóná yóò sì jáde. Bí ẹ bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ẹ má gbé e wá fún mi, ó ti kú. Bass boost, ẹ pa á. Ibi tí wọ́n kọ LPF sí, èyí tí kì í jẹ́ kí ohùn tó ga dé ọ̀dọ̀ wúfà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80. Bí ẹ bá ṣí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn olórin yóò máa ti búùtù jáde bí ẹni tí wọ́n jí gbé.

Wáyà tí a so lódì. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú ọkọ̀ wòlíì kan, tí béèsì rẹ̀ ń dún nígbà tí èèyàn bá wà níta, tí kì í dún fún ẹni tó jókòó níwájú. Mo pààrọ̀ áḿpù. Mo pààrọ̀ rédíò. Mo gbààwẹ̀ díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé a lè yí wáyà wúfà, kí pọ́sítíìfù di nẹ́gétíìfù?" Ìṣẹ́jú méjì ló gbà á. Wúfà ń fà nígbà tí sípíkà iwájú ń tì, wọ́n ń pa ara wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń dán wò nìyẹn, ọmọ náà sì ti dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Kébù: ẹ ha á pẹ̀lú bíléèdì. Bàbà pọ́n títí dé inú, ayédèrú a máa funfun nínú, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, kò lè gbé iná tó bàbà gbé. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹni tó bá fi í sínú búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ áḿpù, kó mọ̀ pé gbogbo wáyà tó wà láàárín lè di iná lọ́jọ́ tí irin bá gé e. Fún ẹ́ẹ̀tì, ibi tí a ti so wáyà nẹ́gétíìfù mọ́ irin ọkọ̀, ẹ ha ọ̀dà bọ́dì kúrò títí irin yóò fi dán.

Wúfà tí wọ́n ń tì sábẹ́ ìjókòó, tí áḿpù ti wà nínú rẹ̀, dára. Mo ní ọ̀kan nínú ọkọ̀ tèmi. Yóò fi ara kún ìlù, yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyá ìlù wà níbẹ̀. Kò ní mi dígí. Ẹni tó bá fẹ́ mi dígí, kó má rà á kó wá bú u.

Picanto wá ńkọ́? A kó méjèèjì jáde, ó tà wọ́n fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe DJ. A ra ínńṣì 10 ẹyọ kan, oríṣi pẹlẹbẹ, a kan àpótí rẹ̀ mọ́ igun búùtù, áḿpù wátì 300 RMS. Kò tó ìdá mẹ́ta ohun tó ti kọ́kọ́ ná. Ó tan orin, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Bọ̀dá, kí ló ń dún gìrìgìrì lẹ́yìn yẹn?" Nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mo gé rọ́bà sílípáàsì kan tó ti já, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn rẹ̀, mo de síkúrúù náà padà. N kò gbowó ìyẹn.