Aárín Ẹrẹ̀ Ni Ọ̀nà Wà: Ìrírí Mi Pẹ̀lú ATV Nínú Igbó Ìjọba

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé ATV mi, alùpùpù onítáyà mẹ́rin, lọ sínú igbó, mi ò gùn ún rárá. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó: ilẹ̀ ti rọ̀ jù, wọ́n ti ti gbogbo ọ̀nà alùpùpù títí yóò fi gbẹ. Mo wo òkè, oòrùn ń ràn kankan. Òjò tí wọ́n ń wí ti dá láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Inú bí mi. Láti ìdájí ni mo ti ń so alùpùpù mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ọ̀nà sì jìn. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ lọ kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé o pè wọ́n kí a tó kúrò nílé?"

Mi ò pè.

Sam Houston National Forest ni igbó náà, ní àríwá Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà. Ó lé ní 160,000 éékà, igi páìnì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lójú títì, abẹ́ igi kì í tètè gbẹ, ohun tí mi ò rò nìyẹn. Táyà ATV ní eyín gígùn. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, eyín yìí á kàn họ ojú ilẹ̀ lásán. Lórí ilẹ̀ tó rọ̀, á wa á bí ọkọ́. Ipa tó bá fi sílẹ̀ ni àgbàrá máa gbà nígbà tí òjò bá tún rọ̀, á kó èèpẹ̀ lọ sínú odò, omi á dàrú, ẹrẹ̀ á sì bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi bí a ṣe ń padà lọ sílé. Inú ṣì ń bí mi nígbà yẹn o.

Ọjọ́ kẹwàá, mo pè, wọ́n ní ọ̀nà ti ṣí.

Mo ti lo ọjọ́ mẹ́wàá yẹn láti palẹ̀ mọ́ dáadáa. Àwọn ọ̀nà tí a fẹ́ gbà kì í gba ohun tó bá fẹ̀ ju 50 ínǹṣì lọ, nítorí náà mo na téèpù láti etí táyà ọ̀tún dé etí táyà òsì: 47. Ọ̀rẹ́ wa kan tó fẹ́ bá wa lọ wọn tirẹ̀, èyí tó ní ìjókòó méjì àti ìtọ́kọ̀ bíi ti mọ́tò, ó bá 60. Ilé ló jókòó sí. Mo ra sítíkà OHV, ìyẹn ti àwọn ọkọ̀ tó ń gba inú igbó, ti ìpínlẹ̀ Texas ní dọ́là 16. Ọjọ́ yòówù kí ènìyàn rà á, 31 oṣù Kẹjọ ló máa kú, ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo rà á. Igbó náà tún ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Akoto àti awò ojú, dandan ni.

Ìdí sàlẹ́ńsà ni mo ti pẹ́ jù. Àwọ̀n wáyà kékeré kan wà ní ẹnu rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná ta pàrà jáde bọ́ sórí ewé gbígbẹ. Òfin ni, ẹ̀rọ tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo fà á jáde, ẹ̀dú ti dì mọ́ ọn bí èèpá ojú egbò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́ títí mo fi gbé e sókè, tí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Mo tún yọ àwọn ewé gbígbẹ tó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, torí páìpù yẹn máa ń gbóná débi pé ewé lè gbiná lára rẹ̀.

Ó wá ku máàpù. Forest Service, àwọn tó ń bójú tó igbó ìjọba àpapọ̀, ní èyí tí wọ́n ń pè ní Motor Vehicle Use Map. Ọ̀fẹ́ ni. Kò lẹ́wà lójú: dúdú àti funfun ni, kò fi òkè tàbí àfonífojì hàn ọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju kó sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, irú ọkọ̀ tó lè gbà á, àti ìgbà wo nínú ọdún. Nígbà kan rí, nínú ọ̀pọ̀ igbó ìjọba, ibi tí wọn ò bá ti kọ̀ fún ènìyàn, ó lè gbé ẹ̀rọ gba ibẹ̀. Ìlànà ọdún 2005 ló yí i po. Ní báyìí, ibi tí kò bá ti sí lórí máàpù yẹn, títì ni, ì báà má sí pátákó kankan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gba "mi ò rí pátákó" lẹ́nu rẹ. Mo gbé máàpù náà sórí fóònù, mo tún ki ti bébà sápò, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà wà lábẹ́ igi.

Kí wákàtí kan tó pé, ó ti wúlò. A dé oríta, ọ̀nà kan yà sọ́tùn-ún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, táyà ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ń pè mí. Kò sí nọ́ńbà lára igi kankan níbẹ̀. Mo yọ bébà jáde, mo wò ó títí: kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ dúró wò ó, wọ́n ti kọjá lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀. A bá ọ̀gọ̀dọ̀ omi kan láàárín ọ̀nà, ó gùn tó mọ́tò méjì. Ẹ̀gbọ́n dúró, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣẹ́ igi, wọ́n fi wọn jíjìn rẹ̀, kò ju orókùn lọ. Wọ́n padà gun tiwọn, wọ́n rọra gba àárín rẹ̀ láì tẹná rárá. Èmi wo bàtà mi tuntun. Mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì, koríko ló wà níbẹ̀, ó dà bíi pé ó le. Mo gba ibẹ̀. Táyà ẹ̀yìn rì, mo tẹná, ó fọ́n ẹrẹ̀ sókè bí òjò, mo bá jáde tipátipá. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ihò méjì gígùn nínú koríko, gbòǹgbò funfun ti yọ síta, omi ọ̀gọ̀dọ̀ sì ti ń wọ́ bọ̀ wá kún inú wọn.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ sọ ọ̀nà tóóró yìí di òpópónà ni?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn ni kí n máa bẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti yà bá ẹ̀gbẹ́, ẹni kejì á tẹ̀lé e, ọ̀gọ̀dọ̀ á fẹ̀, ẹni kẹta á tún yà síwájú sí i. Ẹni tí kò bá lè gba àárín, kó yí padà.

Lẹ́yìn náà a pàdé ẹlẹ́ṣin méjì. Ẹ̀gbọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ṣí akoto. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí akoto. Wọ́n ní ẹṣin kò mọ̀ pé ènìyàn ni ohun tó ní orí ràkọ̀ràkọ̀ yẹn, àfi tó bá rí ojú, tó sì gbọ́ ohùn. Mo kí àwọn obìnrin tó gùn wọ́n, ẹṣin kejì ta etí sí mi, ó sì kọjá.

Nílé, mo fi omi fọ abẹ́ ATV fún bí wákàtí kan. Irúgbìn igbó tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ bá mi dé igbó mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a padà lọ. Mo dúró níbi ọ̀gọ̀dọ̀ náà, mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mẹ́ta ti tẹ̀lé ipa táyà mi. Mo kà wọ́n. Omi ti kún inú rẹ̀ débi pé mi ò mọ èwo ni ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Mo kọ nọ́ńbà ọ̀nà náà sílẹ̀ fún ọ́fíìsì igbó, mo gba àárín, bàtà mi sì rin gbindingbindin.