Bí A Ṣe Ń Bá Ẹgbẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Jáde ní Abuja Lásìkò Ọdún, Láìná Owó Gọbọi

Ọjọ́ 26 sí 30 oṣù Kejìlá ló dára jù. Ṣáájú Kérésì, àwọn tó ń lọ sílé ti kún ojú ọ̀nà, trélà àti bọ́ọ̀sì ń du ara wọn. Lẹ́yìn ọdún, Abuja á ti dá, àyè á sì gba ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Lásìkò yìí oòrùn máa ń wọ̀ kété lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹgbẹ́ tí ètò rẹ̀ bá kọjá aago mẹ́rin, ẹ má bá wọn lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun tí owó náà wà fún. Nǹkan mẹ́rin ló ń náni lówó: ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé yín àti epo rẹ̀, ibi ìsùn, oúnjẹ, àti ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ má gbà kí wọ́n yọ ọkọ̀ kúrò torí àtidín owó kù; òun ló ń gbé omi, ẹrù àti ẹni tó bá rẹ̀. Ibi ìsùn ló ṣeé dín. Yàrá àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń ṣófo nígbà ìsinmi, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Ẹ gbé ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì dání, ọyẹ́ ò mọ àlejò.

Ẹ tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí àwọn kan bá yẹ̀. Ká ní ọkọ̀ àti epo jẹ́ ₦180,000, èèyàn 12 á san ₦15,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́rin bá fà sẹ́yìn, ó di ₦22,500, ìjà dé nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti dá ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gba owó rẹ̀ padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò. Ẹ má gba ọ̀nà Kaduna, bó ti wù kó dínwó tó. Ẹ rí i pé wọ́n ti fi tó ọlọ́pàá létí ní ìlú tí ẹ máa sùn, kí ẹ sì bi àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà bó ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ẹ má gbé e sórí Facebook àfi tí ẹ bá padà dé.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Keffi á bá a wọ̀jà lálọ, á sì tì í lẹ́yìn bọ̀. Ẹni tó bá gba Gwagwalada lọ sí Kwali (ìlú Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn ₦20) á gbádùn àlọ, ṣùgbọ́n àbọ̀, tó ti rẹ̀ ẹ́, ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ yan èyí àkọ́kọ́ bí ọ̀nà méjèèjì bá fararọ.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ní táyà 26 tó fẹ̀ dáa tó. Ẹ wo ẹnu túúbù: èyí tó nípọn bíi ti mọ́tò ni pọ́ǹpù fọkanáísà ń bá mu; tó bá jẹ́ tín-ín-rín, ẹ ra ìdérí kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn kó lè bá pọ́ǹpù náà mu. Ẹ̀rọ fọkanáísà lágbára, ó lè bẹ́ túúbù lójú ẹsẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kó máa fún un, kó má kọjá 50 PSI lójú gééjì rẹ̀.

Ohun tó ń jò táyà jù lẹ́bàá títì ni wáyà tín-ín-rín tó ń jáde lára táyà trélà tó bẹ́. Tí ẹ bá kàn pààrọ̀ túúbù láì yọ wáyà yẹn, ẹ ò ní rìn jìnnà kó tó tún jò. Ẹ fi àkísà nu inú táyà yí ká. Ibi tó bá ti há ni wáyà tàbí ẹ̀gún wà. Túúbù méjì, pátíìsì, pọ́ǹpù ọwọ́, sípánà Allen 4, 5 àti 6 ló yẹ kó wà lápò yín, ẹ má gbójú lé ti ẹlòmíì. Lálẹ́, ẹ nu eruku kúrò lára ṣéènì kí ẹ tó kán òróró sí i. Òróró lórí eruku ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní ìparí oṣù Kẹwàá: 20 km, 30, 45, lẹ́yìn náà ọjọ́ méjì léraléra. Ọjọ́ kejì ni ìdí máa ń fẹ̀hónú hàn, ẹ fi òrí pa itan, kí ẹ fi pa ètè náà.

Ọyẹ́ ń gbẹ òógùn kó tó hàn, ẹ má dúró de òùngbẹ. Ìdajì lítà ní wákàtí kan, ó kéré tán. Sí lítà kan, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ó má kún kọjá etí. Kúlíkúlí àti dàbínù tó fún ọ̀nà.

Lójú títì, ẹ tò tẹ̀ léra lápá ọ̀tún, kí táyà iwájú yín má wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹni tó wà níwájú. Bó bá yà díẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣubú, kì í ṣe òun. Ẹni iwájú á pariwo "Kòtò!", ẹni ẹ̀yìn á pariwo "Trélà ń bọ̀!" Iná pupa lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ di dandan, ọ̀sán kò yọ ọ́, torí ọyẹ́ ń bo ojú awakọ̀.

Ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin tàbí Kàbbà, kó tú táyà iwájú àti pẹ́dà pẹ̀lú sípánà 15. Pẹ́dà òsì yàtọ̀: apá ọ̀tún là ń yí i sí kó tó tú.