Bí Mo Ṣe Yan Bùlówà fún Ààrò Ìkòkò Eléèédú Mi

Ìpetumodù ni wọ́n bí mi sí, ìdí ìkòkò sì ni mo dàgbà sí. Bí ìyá àgbà ṣe ń sun ìkòkò nìyí: wọn á to igi gbígbẹ sílẹ̀, wọn á to ìkòkò lé e, wọn á fi koríko bò ó, wọn á ṣáná sí i. Atẹ́gùn Ọlọ́run ló ń fẹ́ iná yẹn. Ìkòkò omi àti ìṣaasùn ọbẹ̀ ń jinná bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí wọn ò nílò ooru tó kọjá 900 °C. Ṣùgbọ́n ife àti abọ́ tó ń dán ni èmi fẹ́ máa ṣe, èyí tí èèyàn lè fi ọṣẹ fọ̀ lójoojúmọ́. Gíléèsì tí mò ń kùn sí wọn lára, tó máa ń dán bíi dígí, kì í yọ́ àfi tí ooru bá dé nǹkan bí 1,040 °C.

Dúrọ́ọ̀mù epo 200 lítà ni mo fi ṣe ààrò náà. Wẹ́dà gé orí rẹ̀ kúrò, mo wá fi amọ̀ tí mo pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó rẹ́ inú rẹ̀, ó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ìkòkò ńlá onídèérí kan wà láàárín, inú rẹ̀ ni mò ń to ife sí kí eérú má baà kàn wọ́n. Èédú ló yí ìkòkò ńlá yìí ká. Páìpù irin oníìǹṣì méjì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Irin lásán ni mo ní kí wẹ́dà lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi síńkì bò, nítorí tí síńkì bá gbóná, èéfín rẹ̀ ń ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ó wá ku bùlówà, ìyẹn ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù. Fáànù kékeré kan wà nílé, ó ń fẹ́ yẹ̀ẹ̀ síni lójú, mo bá so ó mọ́ ọn. Iná ò yí padà rárá. Mo na bébà tó fẹ́lẹ́ sókè ẹnu ààrò, bébà ò mì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Fáànù mi ò lè fẹ́ iná ààrò mi."

"Sún mọ́bí, ọmọ mi. Fọwọ́ dí imú ẹwìrì yìí."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí i. Bàbá tẹ ẹwìrì náà, atẹ́gùn bá fi tipátipá wá ọ̀nà jáde láàárín ìka mi. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Fáànù tìẹ, tí nǹkan bá ti dí i lójú, ó parí nìyẹn. Èédú tó kún inú ààrò, ìdènà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló là mí lójú. Mo délé, mo tẹ rọ́bà tó mọ́ gaara bíi lẹ́tà U, mo bu omi aró díẹ̀ sí i kí n lè rí i dáadáa. Mo so ẹnu rọ́bà kan mọ́ páìpù fáànù, mo sì dí ẹnu páìpù. Ibi tí omi bá sún dé ni agbára atẹ́gùn náà mọ. Ti fáànù yẹn, omi rẹ̀ ò sún ju orí ìṣáná lọ.

Èyí tí mo gbìyànjú ṣìkejì ni bùlówà àfọwọ́mú tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń fẹ́ eruku, oní 600 wáàtì. Omi fò jáde kúrò nínú rọ́bà pátápátá. Inú mi dùn, mo tan iná. Ṣùgbọ́n iwájú páìpù nìkan ni ooru kóra jọ sí: èédú ibẹ̀ ń pọ́n yòò, ti ẹ̀yìn ṣì dúdú. Ìkòkò ńlá là gààràgà lójú ibẹ̀. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú, òórùn wáyà tó ń jóná bẹ̀rẹ̀. Káábọ̀nù méjì tó ń gbé iná mànàmáná wọnú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ha ìdí rẹ̀ bó ṣe ń yí, wọ́n sì máa ń gbóná. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí márùn-ún.

Kí n tó pa á, NEPA mú iná lọ. Mo jókòó, mò ń retí. Èédú gbígbóná tí kò rí atẹ́gùn tó máa ń tú gáàsì kan jáde, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pani. Gáàsì yìí ti rọra padà sínú páìpù. Iná dé, bùlówà ta kìjí, páìpù dún gbòà, iná sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ìta gbangba ni mo gbé ààrò sí, tí mi ò sì sún mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ má gbé e sábẹ́ òrùlé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó ṣírò. Kílò èédú kan ń fẹ́ nǹkan bí 9,000 lítà atẹ́gùn kó tó jó tán. Ààrò mi ń jẹ nǹkan bíi kílò márùn-ún ní wákàtí kan, ìyẹn 750 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Tí bùlówà bá lè fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àpò ìkódọ̀tí tí wọ́n kọ 100 lítà sí gbọ́dọ̀ kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Mo ká àpò náà, mo mú rọ́bà mi, mo wọkọ̀ lọ sí Gate ní Ìbàdàn.

"Àǹtí, ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi sí?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tókunbọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe ọkọ̀, àbúrò. Ìkòkò ni mo fẹ́ fi sun."

Bùlówà AC ọkọ̀ ni mò ń wò, oní 12 volt. Mo ní kó fún mi pẹ̀lú ike tó yí i ká, nítorí ike yẹn ló ń kó atẹ́gùn jọ tó ń darí rẹ̀ sójú kan. Mo fi ìka yí i, mo gbé etí sí i bóyá bẹ́rìn rẹ̀ ń ké. Àkọ́kọ́ ké, mo dá a padà. Ìkejì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó so ó mọ́ bátìrì: àpò kún ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, omi sún tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Kò pọ̀ kò kéré, ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Bátìrì sólà wà nílé, torí náà NEPA ò lè já mi kulẹ̀ mọ́.

Wẹ́dà fa páìpù gùn sí i, ó tó mítà kan àti ààbọ̀, kí ooru má baà yọ́ ike náà. Ó gbé bùlówà sísàlẹ̀ ju ẹnu páìpù inú ààrò lọ, ó sì fi irin pẹlẹbẹ kan sáàárín tí mo lè fà jáde tàbí tì wọlé. Tí bùlówà bá dúró, mo ti dí i nìyẹn.

Aago méje àárọ̀ ni mo tan iná, láìfi bùlówà sí i rárá. Wákàtí méjì ni mo fi jẹ́ kí omi ara amọ̀ jáde. Mò ń gbé dígí sẹ́nu ihò òkè, ìgbà tí ìkùukùu ò bo dígí mọ́ ni mo tó tẹ bùlówà, ó sì wà ní ìpele tó kéré jù. Ní 573 °C, iyanrìn inú amọ̀ máa ń wú lójijì, mi ò kánjú níbẹ̀. Lẹ́yìn 650 ni mo fi kún un.

Ní 910, ooru dúró. Ogún ìṣẹ́jú, kò lọ kò bọ̀. Ọkàn mi ní kí n fi atẹ́gùn kún un, ọwọ́ mi tilẹ̀ ti wà lórí ìpele tó ga jù. Mo wá wo inú ààrò: èédú ti wálẹ̀ dé ìdajì, atẹ́gùn kàn ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì ń kó ooru mi lọ sókè. Mo kó èédú sí i, mo ti irin pẹlẹbẹ wọlé dé ìdajì. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó di 925, ó di 960, iná búlúù kékeré sì ń jó lẹ́nu ààrò. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dé 1,040. Mo pa bùlówà, mo dí páìpù, mo dé ààrò. Bátìrì ò lò tó ìdajì.

Ọjọ́ kejì ni mo tó ṣí i. Ife mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá ń dán, mo fi èékánná ta ọ̀kan, ó dún gan-an-ran. Méjì tó wà lódìkejì páìpù ni gíléèsì wọn ò yọ́ tán. Mo ti ní kí wẹ́dà wá lu ihò kejì síbẹ̀, kí páìpù yẹn pín sí méjì.