Bí a ṣe ń tọ́jú bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná tí a kò ní gùn fún ọ̀pọ̀ oṣù

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2022, ọmọ ilé ìwé kan ní Ìwòròkò ti kẹ̀kẹ́ oníná rẹ̀ sínú yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó wọkọ̀ lọ sílé. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó wọlé padà. Ó gbé bátìrì náà wá bá mi l'Ádó Èkìtì, mo fi mítà tí a fi ń wọn iná kàn án: fóòtì 19, lára bátìrì oní-fóòtì 48. Kò bọ́ lulẹ̀, omi ò wọ̀ ọ́. Ó kàn gùn ún tán kanlẹ̀ kó tó lọ ni, kò sì yọ ọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tẹ́ ẹ ní. Tó bá jẹ́ bátìrì dúdú mẹ́rin tó wúwo bí òkúta, tí wọ́n kọ 12V sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, bátìrì òjé nìyẹn. Tó bá jẹ́ àpótí kan ṣoṣo tó fúyẹ́, tí wọ́n kọ Li-ion sí, lithium ni. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ síra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Òjé ò le. Ẹ gba iná sí i títí á fi kún, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹyọ kan bá ti wálẹ̀ ju fóòtì 12.5 lọ, ẹ má jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀, torí bí òjé bá pẹ́ láìkún, ìyẹ̀fun funfun á dì mọ́ ọn lára, á le, iná kò sì ní wọ ibẹ̀ mọ́.

Ti lithium ló ń dààmú èèyàn. Àwọn èèyàn wa a máa ṣe é bí ẹni tó ń pọnmi kún àmù kó tó rìnrìn àjò: wọ́n á gba iná sí i kó kún dẹ́nu, wọ́n á ní ọkàn àwọn balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú bátìrì Li-ion 48, ẹyọ kéékèèké 13 ló sábà máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí ó bá kún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á wà ní fóòtì 4.2, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 54.6. Bí ó bá wà níbẹ̀ pẹ́, pàápàá nínú ooru oṣù Kẹta lábẹ́ páànù, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa jẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gùn ún padà, ibi tó ń gbé yín dé tẹ́lẹ̀ kò ní gbé yín dé mọ́.

Kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo tún burú ju ìyẹn lọ. Bí ẹyọ kan bá wálẹ̀ jìnnà kọjá fóòtì 2.5, tó sì pẹ́ níbẹ̀, bàbà inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Tí iná bá tún wọlé, bàbà yẹn á dì síbi tí kò yẹ, ojú méjèèjì tí kò gbọ́dọ̀ kanra á kanra nínú. Iná ló ń ti ibẹ̀ sọ.

Ìdajì ni kẹ́ ẹ fi í sí. Fún bátìrì 48, mítà gbọ́dọ̀ ka 48 sí 50. Fún 36, 37 sí 38. Tó bá ti kún, ẹ gùn ún lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ padà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má gbára lé iná kéékèèké tó wà lára rẹ̀, irọ́ ló sábà máa ń pa. Mítà tó kéré jù lọ́jà tó fún iṣẹ́ yìí, èmi ò ní tọ́jú bátìrì láìní in. Ẹni tí kò bá tíì rí i rà lè ka wákàtí: bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́fà ló fi ń kún látòfo, ẹ yọ ọ́ ní wákàtí mẹ́ta. Tí wọ́n bá kọ LiFePO4 sí tiyín, irú lithium mìíràn nìyẹn, wákàtí náà ni kẹ́ ẹ kà, torí fóòtì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́. Kẹ́ ẹ pa kọ́kọ́rọ́ nìkan ò tó. Àláàmù ń jẹ iná, kọntiróólà ń jẹ iná, BMS, pátákó inú bátìrì tó ń ṣọ́ àwọn ẹyọ rẹ̀, fúnra rẹ̀ sì ń jẹ díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ibi tútù tó gbẹ ni kó wà, jìnnà sí gáàsì, kẹrosíìnì àti bẹ́ẹ̀dì. Orí pákó ni mo máa ń gbé e lé, mo máa ń fi téèpù dúdú bo ẹnu rẹ̀, mo sì máa ń fi àǹkárá àtijọ́ dà á bò. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, á làágùn lásìkò òjò, ẹnu rẹ̀ á sì dípẹtà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù ni mo máa ń wọ̀n ọ́n. Mo ń kọ iye tó kà sórí téèpù pépà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lára, kí n lè tètè rí èyí tó ń yára wálẹ̀. Tí 48 bá ti wálẹ̀ sí 47, ẹ gba iná sí i títí á fi pé 49, kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ dúró tì í. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi í sórí ṣájà sùn tàbí lọ sóko. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ní, ẹ lo stabilizer, torí iná rẹ̀ ń fò sókè sódò.

Tó bá ti wálẹ̀ jù bíi ti ọmọ Ìwòròkò yẹn, ṣájà ò ní gbà á. Àwọn kan á ní àwọn á jí i: wọ́n á tú u, wọ́n á so wáyà ṣájà mọ́ àwọn ẹyọ inú rẹ̀ tààrà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Ọmọ náà bẹ̀ mí títí, mi ò jí i. Èyí tó bá wú, tàbí tó ń gbóná láìsí lórí ṣájà, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, sórí ilẹ̀ lásán, níbi tí ọmọdé ò ti lè dé.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gùn ún padà, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó kún. Tí iná ṣájà bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ fi wákàtí kan kún un, kí BMS lè mú àwọn ẹyọ rẹ̀ dọ́gba. Àyíká ilé ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ gùn ún, ẹ má tíì gun òkè.